Kí Àkọ́rọ̀ Òjò Tó Bá Wa Níta

Ẹ̀yin arábìnrin mi, ẹ jẹ́ ká bára wa sọ òótọ́. Níbo lẹ máa ń jókòó sí nírọ̀lẹ́ tí iná bá lọ tí ooru sì mú? Ó dá mi lójú pé kì í ṣe pálọ̀. Àga onítìmùtìmù tí a fi owó gidi rà, tí a da aṣọ bò kó má baà dọ̀tí, àlejò ọdún ló ń jókòó sí i. Fàráńdà ni àwa ń jókòó sí. Ẹ̀yìnkùlé la ti ń ṣa ẹ̀fọ́, abẹ́ igi la ti ń dirun fọ́mọ, ibẹ̀ náà la sì ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ tẹ́nikẹ́ni ò ní sọ nínú pálọ̀. Síbẹ̀, bí owó díẹ̀ bá dé, kọ́tìnnì pálọ̀ ló ń bá a lọ. Mo fẹ́ ká yí i padà lọ́dún yìí. Ibi tí èèyàn ń gbé ní ti gidi ló yẹ kó kọ́kọ́ rí ìtọ́jú. Èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí mo fẹ́ sọ kò gba owó, àsìkò ló gbà.

Àsìkò ọ̀hún ò sì gùn. Ó bọ́ sáàárín ìgbà tí ọyẹ́ bá kásẹ̀ nílẹ̀ àti ìgbà tí àkọ́rọ̀ òjò bá rọ̀. Nílẹ̀ Yorùbá, ìparí oṣù Èrèlé wọ Ẹrẹ́nà ni. Ó lè yá díẹ̀ ní Èkó, ó sì lè pẹ́ díẹ̀ sí i fún àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ṣakí. Bí ẹ bá ṣe é ṣáájú, eruku tuntun á tún bò ó lọ́la. Bí ẹ bá sì jẹ́ kí òjò ṣáájú yín, eruku á ti di ẹrẹ̀ lára ògiri, ewé á ti jẹrà sínú gọ́tà òrùlé, ẹ̀fọn á sì ti gba ilé.

Eruku ọyẹ́ yàtọ̀ sí eruku ojú títì. Láti aṣálẹ̀ Sàhárà ni afẹ́fẹ́ ti ń gbé e bọ̀, púpọ̀ nínú rẹ̀ sì ń ti Bodélé wá, ní ilẹ̀ Chad, níbi tí adágún omi ńlá kan wà láyé àtijọ́ kó tó gbẹ. Ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ adágún yẹn ló gbẹ, tó wá kúnná bí èlùbọ́ tí a fi asẹ́ jọ̀. Bí ẹ bá fi ìgbálẹ̀ gbígbẹ kọjú ìjà sí i, ẹ kò kó o kúrò. Ẹ kàn gbé e dìde ni, á sì balẹ̀ sórí aṣọ tí ẹ sá sórí okùn. Omi ni ká fi kó o. Ẹ bẹ̀rẹ̀ látòkè: ilé aláǹtakùn tó wà lábẹ́ àjà, gílóòbù, orí fèrèsé, kẹ́ ẹ tó máa bọ̀ wá sílẹ̀. Ẹni tó bá kọ́kọ́ fọ ilẹ̀ á tún un fọ̀.

Nẹ́ẹ̀tì ojú fèrèsé la máa ń gbàgbé jù, bẹ́ẹ̀ gbogbo atẹ́gùn tó ń wọ yàrá ń gba ojú rẹ̀ kọjá. Bí ó bá ṣeé yọ, ẹ yọ ọ́, ẹ tẹ́ ẹ sórí sìmẹ́ńtì, ẹ da omi ọṣẹ sí i, kẹ́ ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì tó rọ̀ fọ ojú rẹ̀ méjèèjì láìtẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ jù, kó má baà fà ya. Omi àkọ́kọ́ á jáde ní àwọ̀ eérú. Ẹ máa da omi sí i títí èyí tó ń jáde á fi mọ́ gaara. Bí kò bá ṣeé yọ, inú yàrá ni kẹ́ ẹ ti da omi sí i, kó gba ìta jáde. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an lẹ ó mọ̀ pé atẹ́gùn tuntun ti wọ yàrá.

Kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan ẹrù tí ẹ kó jọ sẹ́yìn ilé, ẹ dúró ná. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni eku máa ń sún mọ́ ilé láti wá oúnjẹ, ìgbà náà sì ni ibà Lásà máa ń pọ̀ jù. Àrùn tí wọ́n kọ́kọ́ dá mọ̀ ní 1969 ní ìlú Lassa, ní Borno, kò jìnnà sí wa rárá: ìpínlẹ̀ Oǹdó, pàápàá agbègbè Ọ̀wọ̀, wà lára ibi tó ti ń jà jù lórílẹ̀-èdè yìí. Ìtọ̀ àti ìgbẹ́ eku ló ń tàn án kálẹ̀. Bí ẹ bá rí ìgbẹ́ eku lábẹ́ pákó tàbí nínú páálí àtijọ́, ẹ má gbá a ní gbígbẹ. Ẹ po Jik tàbí Hypo mọ́ omi, ẹ wọ́n ọn sí i kó rin dáadáa, ẹ ní sùúrù fún ìṣẹ́jú díẹ̀, kẹ́ ẹ wá fi àkísà tí ẹ máa jù nù nù ún kúrò. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, kẹ́ ẹ sì bo imú. Mo mọ̀ pé ó dà bí àṣejù lójú ẹni tó ti ń gbá ilẹ̀ láti kékeré. Kì í ṣe àṣejù.

Ẹ̀bẹ̀ kan ni mo tún ń bẹ̀ yín: ẹ má po Hypo tàbí Jik mọ́ ohunkóhun yàtọ̀ sí omi. Àwọn kan a máa dà á pọ̀ mọ́ oògùn fífọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tó ní ásíìdì nínú, wọ́n rò pé á tètè bó ìdọ̀tí. Gáàsì klórínì ló ń jáde níbẹ̀, ó sì ń jó èèyàn lójú, lọ́fun àti lẹ́dọ̀fóró. Pé ìta gbangba lẹ wà ò ní kó má ṣe yín léṣe bí ẹ bá tẹ̀ mọ́ ọn.

Ó kan àga. Àga rọ́bà ò gbà ju ọṣẹ àti kànrìnkàn lọ, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ dojú rẹ̀ dé, kẹ́ ẹ wo ibi tí ẹsẹ̀ ti so mọ́ ìjókòó. Oòrùn máa ń jẹ rọ́bà títí á fi ṣá, tí kò sì ní lè tẹ̀ mọ́. Ẹ fi ọwọ́ méjèèjì ti ẹsẹ̀ náà síta díẹ̀. Bí ẹ bá rí ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan, tàbí tí ó dún, ẹ má gbé e fún ìyá àgbà jókòó mọ́, ẹ má sì fi pamọ́ sí kọ̀rọ̀ de ọjọ́ àríyá, torí ọjọ́ yẹn gan-an ni yóò dójú tini.

Àga pankẹ́rẹ́ ni mo fẹ́ràn jù láti tọ́jú. Iṣẹ́ ọwọ́ ni, bí ẹ bá sì kẹ́ ẹ, ó lè di ohun tí ọmọ á jogún. Búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó ti gbó ló dára jù láti fi yọ eruku tó há sáàárín híhun rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ fi aṣọ tí ẹ rẹ sínú omi ọṣẹ tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ nù ún. Ẹ má ṣe rì í sínú omi, kó má baà tú. Abẹ́ ibòji tí afẹ́fẹ́ ń gbà ni kẹ́ ẹ sá a sí, nítorí oòrùn gangan á jẹ́ kó sán. Bí ìjókòó rẹ̀ bá ti rọ̀ wọlé, mo ní àṣírí kan fún yín: ẹ dojú àga dé, ẹ fi aṣọ tútù tẹ́ abẹ́ ìjókòó yẹn títí tí pankẹ́rẹ́ á fi mu omi díẹ̀, kẹ́ ẹ wá fi sílẹ̀ kó gbẹ láìjẹ́ kí ẹnikẹ́ni jókòó sí i. Bó ṣe ń gbẹ ni á máa fún padà. Ìgbà tó bá gbẹ tán pátápátá ni kẹ́ ẹ fi fánìṣì kùn ún.

Irin fèrèsé àti géètì ò le. Ẹ fi sáńpépà ha ìpẹtà rẹ̀ dànù, ẹ fi ọ̀dà pupa tí àwọn apọ̀dà ń fi dínà ìpẹtà kùn ún, kẹ́ ẹ tó fi ọ̀dà tó wù yín lé e. Ẹni tó bá kun ọ̀dà lórí ìpẹtà ń fi owó ṣòfò.

Ibi tí mo fẹ́ ká pẹ́ sí ni ohun tó ń gba omi dúró. Ẹ rìn yí ilé po: agolo mílíìkì, táyà, ike ọ̀dà, garawa tó ti fọ́ létí, àwo abẹ́ ìkòkò òdòdó, tapólì tí ẹ fi bo jẹnẹrétọ̀ tó ti rọ̀ láàárín. Ẹ̀fọn kan wà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ní àmì funfun tótòtó, tó jẹ́ pé ojúmọmọ ló ń jẹni. Òun ló ń gbé ibà pọ́njú kiri. Inú ike àti agolo tó wà nítòsí èèyàn ló fẹ́ràn láti yé sí. Ara ike ló ń lẹ ẹyin rẹ̀ mọ́, díẹ̀ lókè ojú omi. Bí omi bá wá gbẹ, ẹyin ò kú! Ó lè wà níbẹ̀ ní gbígbẹ fún oṣù mélòó kan, títí òjò á fi kún ike náà tí omi á fi kàn án, kó tó pa. Ìyẹn ni pé ẹ̀fọn àkọ́rọ̀ lè ti wà lẹ́yìnkùlé yín látìgbà òjò èṣí.

Dída omi nù nìkan ò wá tó. Ẹ fi kànrìnkàn àti ọṣẹ ha inú gbogbo ohun tí ẹ fẹ́ tún lò, títí dé ètí rẹ̀. Èyí tí ẹ kò lò, ẹ jù ú nù, tàbí kẹ́ ẹ gbé e sábẹ́ òrùlé ní dídojúdé. Táyà tí ẹ gbin òdòdó sí, ẹ lu ihò sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Àgbá omi, ẹ wá ìdérí tó bò ó ṣinṣin. Bí kò bá sí, ẹ fi nẹ́ẹ̀tì bò ó, kẹ́ ẹ fi rọ́bà táyà kẹ̀kẹ́ so ó yíká. Tí òjò bá ti wá bẹ̀rẹ̀ gidi, ẹ máa ṣe àyẹ̀wò yìí lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, nítorí láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí ọjọ́ mẹ́wàá tàbí díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹyin á ti di ẹ̀fọn tó ń fò.

Bí ẹ bá jẹ́ ayálégbé nínú ilé olójúlé púpọ̀, ẹ ó sọ pé kò sí bí ẹnìkan ṣe lè dá a ṣe. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n láti ìgbà ìjọba ológun àwọn ọdún 1980 la ti mọ Sátidé ìparí oṣù mọ́ ìmọ́tótó àyíká. Ẹ lo ọjọ́ yẹn. Ẹ má lọ kan ilẹ̀kùn ẹnikẹ́ni pẹ̀lú ẹjọ́. Ẹ jáde ní kùtùkùtù, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti iwájú ilẹ̀kùn tiyín, ẹ se ẹ̀wà tó pọ̀ díẹ̀, kẹ́ ẹ fi pe àwọn tó bá jáde. Ìyá Bọ̀dé tó ń fojú burúkú wo èèyàn látẹ̀yìn wá á gbé ìgbálẹ̀ tirẹ̀ jáde.

Ẹ gbà mí láyè kí n sọ ohun tó ń dùn mí. Gbogbo ilé tí wọ́n ń kọ́ báyìí ni wọ́n ń da sìmẹ́ńtì tàbí intalọ́kì bò láti ògiri dé ògiri. Ó mọ́ lójú, ṣùgbọ́n oòrùn ọ̀sán á gbóná sí i, á sì máa tú ooru yẹn sí wa lára títí di alẹ́. Omi òjò ò sì ní ibi tó máa rì sí mọ́, ni ó bá ya wọ ilé aládùúgbò. Bí ilẹ̀ kékeré kan bá ṣì kù ní ìhòòhò nílé yín, ẹ fi í sílẹ̀. Bí ẹ bá ní igi fúrúùtù, ẹ má gé e nítorí ewé pupa tó ń wọ́ sílẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹ gbá ewé náà jọ sí kòtò kan tó jìnnà sílé kó jẹrà, kó di ajílẹ̀. Ẹ má jẹ́ kó ga jọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, torí ejò, ẹ má sì dáná sun ún nígbà tí gbogbo nǹkan gbẹ fúrúfúrú.

Ilẹ̀ ìhòòhò yẹn ni ẹ máa gbin nǹkan sí. Ewúro àti pèrègún ò ná yín ní kọ́bọ̀: ẹ bẹ aládùúgbò fún ẹ̀ka kan, ẹ gé e, ẹ ri í mọ́lẹ̀ tí àkọ́rọ̀ bá ti mú ilẹ̀ rọ̀, á hù. Efinrin tó ti di igi, ẹ gé e wálẹ̀, á tún rúwé. Àwọn kan sọ pé efinrin tàbí koóko ọba létí fèrèsé á lé ẹ̀fọn. Òórùn rẹ̀ dára, ọbẹ̀ á sì jẹ̀gbádùn rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má tìtorí ẹ̀ yọ nẹ́ẹ̀tì.

Omi àkọ́rọ̀ fúnra rẹ̀, ẹ má gbè é sílò. Gbogbo eruku àti ìgbẹ́ ẹyẹ orí páànù ló ń fọ̀ wálẹ̀. Ẹ jẹ́ kí òjò rọ̀ dáadáa, kí òrùlé mọ́, kẹ́ ẹ tó gbé àgbá sábẹ́ ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀. Ní ti iná fàráńdà, gílóòbù aláwọ̀ ìyeyè ni kẹ́ ẹ rà, yálà ti sólà ni tàbí ti NEPA. Kòkòrò kì í rọ́ sí i tó iná funfun. Tí èsúnsún bá wá dà bo ilé lálẹ́ ọjọ́ òjò àkọ́kọ́, ẹ pa iná fàráńdà, ẹ fi ẹyọ kan sílẹ̀ lọ́nà jíjìn, kẹ́ ẹ gbé abọ́ omi sábẹ́ rẹ̀. Àwọn ọmọ mọ ohun tí wọ́n á fi èyí tó bá kó sínú abọ́ ṣe. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kẹ́ ẹ tó gbá ìyẹ́ rẹ̀ kúrò nílẹ̀, ẹ tún rìn yí ilé po lẹ́ẹ̀kan sí i pẹ̀lú garawa lọ́wọ́. Ibi tí omi bá ti dúró ni ibi tí ojú wa fò.