“Mú Wálẹ̀” Kì Í Ṣe “Wò Sàn”

Ẹ fetí sí àwọn tó ń polówó àgbo nínú ọkọ̀ èrò: “Ó ń wo jẹ̀díjẹ̀dí, ó ń wo àtọ̀sí, ó ń wo àtọ̀gbẹ sàn pátápátá!” Àrùn mẹ́ta tí kò bá ara wọn tan, inú ìgò kan ṣoṣo ni wọ́n kó wọn sí. Ẹ jẹ́ ká yẹ irú ìpolówó bẹ́ẹ̀ wò, pàápàá èyí tí wọ́n ń fi ta orógbó fún ẹni tí ṣúgà pọ̀ lẹ́jẹ̀ rẹ̀.

Àtọ̀gbẹ àti àtọ̀sí la ó fi bẹ̀rẹ̀. Bí a ṣe ṣẹ̀dá “àmupara” láti ara “mu” àti “para”, bẹ́ẹ̀ náà la ṣẹ̀dá “àtọ̀gbẹ” láti ara “tọ̀” àti “gbẹ”: ẹni tó ní in ń tọ̀ títí ara rẹ̀ fi ń gbẹ. Orúkọ yìí ṣàpèjúwe ohun tó ń ṣẹlẹ̀ gan-an. Bí ṣúgà bá pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀, kíndìnrín a dà á sínú ìtọ̀, ṣúgà a sì fa omi ara lọ. Òùngbẹ a dé, aláìsàn a máa rù. Ìdí nìyí tí àwọn mìíràn fi ń pè é ní ìtọ̀ ṣúgà. Ní ti àtọ̀sí, àrùn tí ìbálòpọ̀ ń tàn kálẹ̀ ni. Ẹni tó bá fi ọ̀kan pe èkejì níwájú nọ́ọ̀sì ti ṣi ara rẹ̀ lọ́nà.

Ó kan orúkọ èso. Obì ní awẹ́, pípa la ń pa á. Orógbó kò láwẹ́. A ó bó o, a ó sì rún un wómúwómú. Garcinia kola ni àwọn onímọ̀ ewéko ń pe orógbó. Cola nitida ni gbàǹja, Cola acuminata sì ni obì àbàtà. Ìdílé igi orógbó yàtọ̀ sí ti obì méjèèjì. Awùsá, tí àwọn kan ń pè ní àsálà, tún jẹ́ tirẹ̀ lọ́tọ̀: ara ìtàkùn ló ti ń so, sísè la sì ń sè é jẹ. Ẹni tó bá kọ “kóró” lásán sára ìgò kò tíì sọ ohun tó tà fúnni.

Ọ̀nà ìpèsè náà ní orúkọ. Ohun tí a sè tàbí tí a rẹ sómi ni àgbo; èyí tí a gún kúnná, tí a fi ẹ̀kọ mu, àgúnmu ni. Kolaviron, tí àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ń fi kẹ́míkà yọ lára orógbó, kì í ṣe ọ̀kankan nínú méjèèjì. Ní 1990, Maurice Iwu, tó di alága àjọ elétò ìdìbò, INEC, lẹ́yìn náà, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde: wọ́n fún àwọn ehoro tí wọ́n ti sọ di alátọ̀gbẹ ní kolaviron, ṣúgà ẹ̀jẹ̀ wọn sì wálẹ̀. Gbólóhùn tó tọ́ nìyí: “Kolaviron mú ṣúgà ẹ̀jẹ̀ ehoro wálẹ̀.” Ẹni tó bá sọ ọ́ di “orógbó ń wo àtọ̀gbẹ sàn” ti pààrọ̀ olùwà, ó ti pààrọ̀ ọ̀rọ̀ ìṣe, ó sì ti fi ènìyàn rọ́pò ehoro.

Kí a wo àrùn sàn ni kó lọ, kó má nílò oògùn mọ́. Insulin pàápàá, tí wọ́n ṣàwárí ní Toronto ní 1921, tó ti gba ẹ̀mí àìmọye ènìyàn là, dókítà kì í sọ pé ó ń wo àtọ̀gbẹ sàn. Ìtọ́jú ni, àkóso ni.

Nítorí náà, ẹ̀yin olóòtú rédíò àti ẹ̀yin tó ń kọ ọ̀rọ̀ sára ìgò, ẹ lo “mú wálẹ̀” níbi tó bá yẹ, kí ẹ sì sọ ara ta ni wọ́n ti rí i. Ẹ̀yin tí ẹ ń lo oògùn ilé ìwòsàn, ẹ sọ fún dókítà yín kí ẹ tó fi àgbo kankan kún un, nítorí ṣúgà tó bá lọ sílẹ̀ jù léwu púpọ̀.