Èéfín àti àyà tó ń lù

Ìbéèrè: Láti ìgbà tí ọjà Akẹ̀sán ti jóná ní oṣù kìíní ọdún 2020, bí mo bá ti gbóòórùn èéfín, àyà mi á máa lù kì-kì-kì, ọwọ́ mi á tutù. Ṣé àìsàn ọkàn ni? — Ìyá Aláṣọ, Ọ̀yọ́

Ìdáhùn: Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Ìyá Aláṣọ. Ó jọ pé ara yín ń múra àtisá ni. Ọpọlọ kì í dúró wádìí bóyá ọjà ló ń jó àbí aládùúgbò ló ń dáná. Kókó kéékèèké méjì tó jókòó lórí kíndìnrín á tú èròjà tí wọ́n ń pè ní adrenaline sínú ẹ̀jẹ̀. Ọkàn á sáré, ẹ̀jẹ̀ á fi awọ ọwọ́ sílẹ̀ lọ bá iṣan ẹsẹ̀. Òun ló ń mú ọwọ́ tutù. Síbẹ̀, ẹ lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wò. Bí àyà bá ń dùn yín, ẹ má dúró dọ̀la.