Àbúrò Mi, Bí Òjò Bá Ṣú Lọ́jọ́ Hólidé Yín

Àbúrò mi, mo mọ ohun tó gbé ọ dìde láago márùn-ún ìdájí. Báàgì ti wà lẹ́nu ọ̀nà láti alẹ́ àná. Àwọn ọmọ ò sùn dáadáa, kì í sì í ṣe àrá ló ṣe wọ́n bẹ́ẹ̀, ayọ̀ ni. Àbíkẹ́yìn wọ ṣòkòtò tó fẹ́ fi lúwẹ̀ẹ́ sùn. Bàbá wọn ti ra epo sí mọ́tò. Ìwọ nìkan lo dúró lójú fèrèsé, tí ò ń wo bí igi máńgòrò aládùúgbò ṣe ń tẹ̀ síbìí tẹ̀ sọ́hùn-ún, tó o wá ń bi ara rẹ pé ṣé irú òjò báyìí làá kó ọmọ jáde sí.

Wá jókòó ná. Jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú èmi náà ti rí.

Lọ́dún kan, ìparí oṣù Kẹjọ, èmi àti ọkọ mi kó àwọn ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, a forí lé Ìkọ́gòsì ní Èkìtì láti Èkó. Òjò ti ń rọ̀ látòru. Mo sọ ọ́ o, àmọ́ mo sọ ọ́ bí ẹni tí ò fẹ́ kí wọ́n gbọ́. A ti san owó hòtẹ́ẹ̀lì òru méjì, àwọn tó gbà á sì ti sọ pé bó bá ti wọlé, kò ní jáde mọ́. Kí n má purọ́ fún ọ, owó yẹn ló wa mọ́tò wa lọ́jọ́ náà, kì í ṣe ọkọ mi.

Aago mọ́kànlá ti lù ká tó kúrò nílé, torí ẹnì kan ń wá ṣájà, ẹnì kan ń wá sálúbàtà ẹsẹ̀ kan. A kọjá Ìbàdàn, a kọjá Ifẹ̀, ojú ọ̀run wá dúdú lọ́sàn-án bí ìsàlẹ̀ ìkòkò. Kò pẹ́ tí àwọn ọkọ̀ iwájú fi bẹ̀rẹ̀ sí í dúró. Odò kékeré kan tí n kò mọ orúkọ rẹ̀ títí dòní ti gun orí afárá. Omi náà pọ́n bí ògì bàbà, ó ń gbé igi àti ike lọ. Lọ́rí kan kọjá níṣojú wa. Ọkọ mi ní, "Ṣó o rí i? Lọ́rí kọjá." Ó ti fẹ́ ki jíà bọ̀ ọ́.

Ìyá àgbà kan wà lábẹ́ páànù lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, tó ń sun àgbàdo. Kò tilẹ̀ dìde. Ó kàn ní, "Ọmọ mi, ṣé lọ́rí lo wà ni? Ẹ̀gbẹ́ títì yẹn ti já lọ, omi ló bò ó. Ẹ sọ̀ kalẹ̀ wá jẹ àgbàdo."

Wákàtí mẹ́ta la fi jókòó síbẹ̀. Nígbà tí omi fà, a rí i: apá òsì títì ti wọ́ lọ, ihò náà tó ìlẹ̀kùn yàrá. Ọkọ mi lọ wò ó, kò sọ̀rọ̀. Ó padà wá, ó ra gbogbo àgbàdo tó kù níwájú ìyá náà, títí kan àwọn tí ò tíì jinná.

Nítorí náà, bí wọ́n bá ní omi náà ò jìn, rántí rúlà tọ́mọ rẹ fi ń fa ìlà, èyí tó gùn tó 30 sẹ̀ǹtímítà. Omi tó ń ṣàn tó ga tó ìdajì rúlà yẹn lè ré àgbàlagbà lẹ́sẹ̀. Rúlà kan gbáko, ó lè gbé mọ́tò kékeré kúrò nílẹ̀. Rúlà méjì lórí ara wọn, jíìpù tí ọkọ rẹ fi ń yangàn yẹn náà ń lọ. Ká má tíì sọ ti ihò tí ojú ò rí. Ibi tí omi bá ti gba títì, títì yẹn ti parí fún ọ lọ́jọ́ náà.

Wàá ní, "Àǹtí, oṣù Kẹjọ la wà, ṣebí òjò máa ń sinmi?" Má sọ ọ́ níṣojú ìyá ọkọ mi. Ọmọ Ìbàdàn ni wọ́n. Bó o bá dárúkọ ìsinmi oṣù Kẹjọ, wọ́n á ka ọjọ́ méjì fún ọ: 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1980, nígbà tí odò Ògùnpa kúrò lójú ọ̀nà rẹ̀ tó gbé ilé àti èèyàn lọ, ìyẹn tí wọ́n ń pè ní Omíyalé; àti 26 oṣù Kẹjọ ọdún 2011, tí omi tún pa èèyàn tó lé ní ọgọ́rùn-ún nílùú kan náà. Ìsinmi òjò wà lóòótọ́ o. Àmọ́ láti ìparí oṣù Keje ló sábà máa ń bẹ̀rẹ̀, nígbà tí oṣù Kẹjọ bá sì máa fi parí, òjò ti ń padà bọ̀ pẹ̀lú ìbínú. Àwa ìyá sì nìyí, a máa ń fi ìrìn àjò sí ìparí hólidé, torí ìgbà yẹn lówó oṣù máa wọlé. Bí agbára rẹ bá ká a, ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ oṣù Kẹjọ ni kó o mú.

Àṣírí kan tún wà tí kì í náni ní kọ́bọ̀. Ìjì ńlá ilẹ̀ wa, láti ìlà-oòrùn ló sábà máa ń wá, tó ń lọ sí ìwọ̀-oòrùn. Ohun tó ń ja òrùlé ní Àkúrẹ́ lọ́sàn-án lè dé ọ̀dọ̀ wa l'Ékòó lálẹ́. Bó o bá wá ń lọ sí Èkìtì, ìwọ lò ń lọ pàdé rẹ̀ lójú ọ̀nà. Èmi kì í wo ojú ọ̀run Èkó nìkan mọ́. Mo máa ń wo ohun tí NiMet, àjọ tó ń sọ bí ojú ọjọ́ ṣe máa rí, bá sọ, lẹ́yìn náà mo máa pe ìbátan mi l'Ákùúrẹ́ pé báwo ni tiyín ṣe rí. Ó máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, àmọ́ ó ń gbé ìpè mi.

Oòrùn ọ̀sán ló máa ń ru ìjì sókè, ìdí nìyẹn tó fi sábà máa ń jà lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́ tàbí lóru. Bí ilẹ̀ bá ti ń mọ́ ni kẹ́ ẹ ti wà lójú ọ̀nà, kẹ́ ẹ sì ti dé kí aago méjì tó lù. Bí wáípà bá ń fa ìlà sára gíláàsì, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Bí táyà bá ti dán, ilé lẹ máa wà.

Ibi tẹ́ ẹ̀ ń lọ ńkọ́? Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Òjò kan náà lè fún yín ní ìgbádùn níbìkan, kó sọ ibòmíràn di ewu. Bó bá jẹ́ etíkun ni, jọ̀ọ́, tú báàgì yẹn. Láàárín oṣù Kẹfà sí ìkẹjọ, òkun Èkó kì í ṣe ẹgbẹ́ ọmọdé, kódà bí oòrùn bá ràn. Etíkun Tarkwa Bay sì rèé, ọkọ̀ ojú omi lẹ máa wọ̀ débẹ̀. Afẹ́fẹ́ tó ń ti mọ́tò síbìí sọ́hùn-ún, kí ló máa ṣe fún ọkọ̀ orí omi? Òkè Ìdánrè, àtẹ̀gùn rẹ̀ lé ní ẹgbẹ̀ta, àpáta tó tutù sì ń yọ̀ bí ilá. Ìwọ tó o fẹ́ pọn ọmọ gùn ún, ó di oṣù Kejìlá.

Ti omi Olúmirìn ní Erin-Ìjẹ̀ṣà ló máa ń dùn mí. Ìpele méje ni omi náà ń já wálẹ̀, kì í sì í lẹ́wà tó báyìí nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Àmọ́ òjò tó ń rọ̀ lókè, tí ìwọ tó wà nísàlẹ̀ ò gbúròó rẹ̀, lè sọ omi di ńlá lójijì. Ẹ dúró ní ìpele àkọ́kọ́, kẹ́ ẹ wò ó, kẹ́ ẹ ya fọ́tò, kẹ́ ẹ máa lọ. Ìkọ́gòsì ni mo fara mọ́ jù lásìkò òjò. Omi gbígbóná àti omi tútù tó pàdé ara wọn níbẹ̀ ò bìkítà fún ojú ọjọ́, òrùlé sì wà nítòsí tẹ́ ẹ lè sá sí.

Ilé tẹ́ ẹ fi sílẹ̀ ńkọ́? Yọ tẹlifíṣàn àti fíríìjì kúrò lára iná, kí àrá má bàa bà wọ́n jẹ́. Kó ìdọ̀tí gọ́tà, kó o sì fún ẹni tó lè dáhùn ní kọ́kọ́rọ́. Bó bá jẹ́ pé omi máa ń wọ yàrá yín, má lọ. Kò sí ìgbádùn kankan nínú kó o jókòó sí hòtẹ́ẹ̀lì kó o máa ronú nípa bẹ́ẹ̀dì tó ń léfòó. Fi nọ́ńbà ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, 122, àti ti pàjáwìrì, 112, sórí fóònù.

Ó wá ku bàbá wọn. Má sọ fún un pé, "A ò lọ mọ́." Ọkùnrin tó ti ra epo, tó ti fọ mọ́tò, wàá kàn dá ogun sílẹ̀ ni. Pè é sẹ́yìn ilé níbi tí àwọn ọmọ ò ti ní gbọ́, kó o ní, "Bá a bá sún un sí ìdájí ọ̀la ńkọ́?" Ọjọ́ kan péré yẹn, wàá rí i pé ó rọrùn láti gbà. Kí ìwọ fúnra rẹ sì pe hòtẹ́ẹ̀lì kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ọjọ́ náà. Àwọn tí kì í dá owó padà, ọ̀pọ̀ nínú wọn máa ń gbà láti yí ọjọ́ padà bí o bá tètè sọ, tó o sì sọ ọ́ pẹ̀lẹ́. Nísinsìnyí, ìbéèrè tí mo máa ń bi wọ́n nìyẹn kí n tó sanwó rárá.

Lọ́dún tó kọjá a tún padà lọ sí Ìkọ́gòsì. A sún un síwájú lẹ́ẹ̀mejì, àwọn ọmọ sunkún lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tá a débẹ̀, òjò wínníwínní ń kán sí wọn lórí, omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ sì dé wọn lọ́rùn. Àkọ́bí mi ní òun ò tíì rí irú rẹ̀ rí. Lẹ́yìn náà mọ̀nàmọ́ná kọ, mo kó gbogbo wọn jáde, wọ́n ń kùn. Òfin wa ni pé bí mọ̀nàmọ́ná bá kọ, tá a kà tí a ò tíì dé ọgbọ̀n kí àrá tó sán, abẹ́ òrùlé la máa wà, títí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú fi máa kọjá tí a ò gbọ́ àrá mọ́. Àbíkẹ́yìn jókòó sínú ìró mi, ó ń gbọ̀n, ó ń kà. Èyí àkọ́kọ́, mẹ́rìnlá. Èyí tó tẹ̀ lé e, mọ́kànlélógún. Ẹ̀kẹta, ó pariwo, "Mọ́mì, ẹ̀rìnlélógójì!"

Mo wò ó. Ó ti kà á bí ẹni tí wọ́n ń lé. Mo ní kó tún un kà.