Ẹ̀KỌ́ FÚN ÌPÀDÉ: ARA ABIYAMỌ LẸ́YÌN ÌBÍMỌ

Bíbélì kíkà: Títù 2:3-5, 1 Kọ́ríńtì 6:19-20

Ìwé Títù ní kí àwa àgbà obìnrin máa kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní ohun rere. Ẹ jẹ́ kí a wo ọ̀nà kan tí wọ́n fi nílò wa.

Bí ọmọ bá ti pé oṣù mẹ́ta, a máa ń gbọ́ ọ: "Ṣé òmíràn tún ti dé ni? Ikùn yìí mà tóbi!" Àwàdà lójú ẹni tó sọ ọ́ ni, ṣùgbọ́n ó ń dun abiyamọ. Òmíràn á bẹ̀rẹ̀ sí í febi pa ara rẹ̀. Òmíràn á lọ ra oògùn tàbí àgbo tí wọ́n ní ó ń mú ni rù, bẹ́ẹ̀ ọmọ ń mu ọyàn lọ́wọ́.

Ohun tó yẹ kí a mọ̀:

1. Oṣù mẹ́sàn-án ni ara fi gba oyún. Ilé ọmọ nìkan ń lò tó ọ̀sẹ̀ 6 kí ó tó padà sípò. Bí ìyá bá ń fi nǹkan bí ìdajì kílò rù lọ́sẹ̀, ó ti tó. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà.

2. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí á fún ọmọ ní ọyàn nìkan fún oṣù 6. Ọyàn fífún ń lo lára ọ̀rá tí oyún kó jọ, ṣùgbọ́n ìyá gbọ́dọ̀ jẹun.

3. Nítorí kí omi ọyàn lè wá ni a ṣe ń rọ àmàlà, ẹ̀kọ mímu oníṣúgà àti mọ́ọ̀tì fún ìyá ọmọ. Bí ọmọ bá ṣe ń fa ọyàn sí ni omi rẹ̀ ń wá sí. Ẹ dín òkèlè kù; ẹ fi ẹ̀fọ́, ẹ̀wà, ẹja àti èso kún un. Omi ni kí ó máa mu dípò mọ́ọ̀tì.

4. Omi gbígbóná tí a fi ń tẹ ikùn kì í yọ́ ọ̀rá. Ó lè bó ni lára. Ẹni tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún kò gbọ́dọ̀ dán an wò. Ìrìn ẹsẹ̀ ló dára: ìṣẹ́jú 10 lójúmọ́, títí yóò fi di 30. Kí ẹni tó ṣe iṣẹ́ abẹ kọ́kọ́ bi dókítà.

5. Kì í ṣe gbogbo ara wíwú ni sísanra. Bí ojú tàbí ọwọ́ bá wú, tí orí ń fọ́ gan-an, tí ojú ń ṣú, tàbí tí èémí kò já gaara, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ kíákíá. Ẹ̀jẹ̀ ríru lè bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ìbímọ.

Kí ni iṣẹ́ wa? Bí a bá lọ kí abiyamọ, ẹ jẹ́ kí a gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí ó lè rìn. Ìyẹn ṣe é láǹfààní ju ọ̀rọ̀ nípa ikùn rẹ̀ lọ.

Ìbéèrè:
(a) Ta ni abiyamọ tó wà ní kíláàsì wa? Ta ni yóò lọ bá a gbé ọmọ lọ́sẹ̀ yìí?
(b) Irú ọ̀rọ̀ wo ni ó yẹ kí a yé sọ sí abiyamọ?

Àdúrà: Olúwa, fi ìṣọ́ sí ẹnu wa, kí o sì fún àwọn abiyamọ wa ní ìlera. Àmín.