Bí A Ṣe Ń Kọ́ Àwùjọ Nípa Ìlera, Tí A Sì Ń Dúró Ti Aláìsàn

 

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí lọ́kùnrin lóbìnrin, ẹ̀kọ́ wa ti oṣù yìí dá lórí iṣẹ́ àwọn nọ́ọ̀sì àdúgbò, àwọn tí kì í jókòó sí ọsibítù kí aláìsàn wá bá wọn, tí wọ́n ń wọ agbo ilé, ọjà àti abúlé lọ. A kò ní kí gbogbo yín di nọ́ọ̀sì. Ṣùgbọ́n ní Lálúpọn níbí àti ní àwọn abúlé tí ó yí i ká, ẹni tí ó bá mọ ìwé kà ni àwọn àgbà máa ń gbé páálí oògùn wá bá. Ẹ̀yin ni ẹni náà. Ó yẹ kí ẹ mọ bí a ṣe ń ṣe é, nítorí pé ènìyàn lè ṣe é kí ó bàjẹ́. Àwa pàápàá ti ṣe é tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bàjẹ́ rí.

Ní ọdún kan, lẹ́yìn àkọ́rọ̀ òjò, ìgbẹ́ gbuuru ń dààmú àwọn ọmọdé ní àdúgbò ilé kéwú wa. A dìde ní àsàlátù ọjọ́ Àìkú, a fi nǹkan bí wákàtí kan ṣe wáàsí lórí omi ṣúgà òun iyọ̀. A ka ìwọ̀n rẹ̀ jáde, a tún un kà. A bèèrè pé, "Ṣé ó yé yín?" Àwọn ìyá wa ní ó yé àwọn. Ní ọjọ́ kẹta, ìyá kan gbé ọmọ rẹ̀ wá. Láti àárọ̀ ni ó ti ń fún un ní omi náà, òùngbẹ ọmọ náà sì ń le sí i. A tọ́ omi náà wò, iyọ̀ ni ó kún inú rẹ̀. Ṣíbí tí a pè ní ṣíbí, ṣíbí ọbẹ̀ ni ó fi bu iyọ̀ sí i. Kò sí ṣíbí tíì ní ilé rẹ̀, a kò sì fi ṣíbí kankan hàn án. Ó ní, "Ààfáà, ohun tí ẹ sọ náà ni mo ṣe." Òótọ́ ni ó sọ. Ọ̀kadà ni a fi gbé ọmọ náà dé ilé ìwòsàn, Ọlọ́hun sì yọ ọ́.

Hádíìsì kan wà nínú àkójọ Abu Dawud tí ó ń bà wá lẹ́rù láti ọjọ́ náà. Àwọn sàhábà kan wà ní ìrìn àjò, òkúta ba ọ̀kan nínú wọn, ó dá ọgbẹ́ sí i lórí. Ìwẹ̀ jánábà wá di dandan fún un. Ó bi wọ́n bóyá òun lè ṣe tayamámù, wọ́n ní rárá, níwọ̀n ìgbà tí ó rí omi lò. Ó wẹ̀, ó sì kú. Nígbà tí Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun gbọ́, ó ní àwọn ni wọ́n pa á, ó sì bá wọn wí pé wọn kò béèrè ohun tí wọn kò mọ̀. Ẹ kíyè sí i pé kì í ṣe ọ̀tá ni wọ́n. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni wọ́n, wọ́n sì rò pé rere ni àwọn ń ṣe.

Nítorí náà, kí a tó kọ́ni, kí a kọ́kọ́ gbọ́. Ẹ jẹ́ kí a wo Ìdèrè ní Ìbàràpá, níbí ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Sòbìà bá wọn jà níbẹ̀ fún ọdún pípẹ́. Ẹni tí ó bá mú un kì í lè rìn lọ sí oko ní àsìkò iṣẹ́. Ọ̀pọ̀ ará ìlú gbà pé inú ara ènìyàn ni aràn náà ti ń wá, pé kò kan omi rárá. Ní àwọn ọdún 1980, àwọn olùkọ́ ìlera láti Yunifásítì Ìbàdàn, tí William Brieger wà lára wọn, bá àwọn ará ìlú náà ṣiṣẹ́. Wọ́n fetí sí ohun tí àwọn ènìyàn gbà gbọ́. Wọ́n kọ́ àwọn ọmọ ìlú fúnra wọn ní iṣẹ́ ìlera. Àwọn télọ̀ ìlú ni wọ́n rán aṣọ asẹ́ tí a fi ń sẹ́ omi, àwọn ọmọ ìlú tí a kọ́ níṣẹ́ sì ń tà á fún ará ilé wọn.

Ìdí tí asẹ́ náà fi ṣiṣẹ́ ni pé bí ẹni tí sòbìà ń jáde lára rẹ̀ bá ti ẹsẹ̀ bọ odò, aràn náà á da ọmọ rẹ̀ sínú omi. Àwọn kòkòrò tín-ín-tín inú omi á jẹ ẹ́, àwa á mu kòkòrò náà, ní nǹkan bí ọdún kan lẹ́yìn náà aràn á tún yọ. Kò sí oògùn tí ń wo sòbìà, kò sí abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀. Síbẹ̀, orílẹ̀-èdè Nàìjíríà tí ó ka aláìsàn tí ó lé ní 650,000 ní 1988 sí 1989 rí èyí tí ó kẹ́yìn ní 2008, Àjọ Ìlera Àgbáyé sì kéde ní 2013 pé ó ti kúrò nílẹ̀ wa. Ẹ̀kọ́, asẹ́, omi tí ó mọ́ àti ìbẹ̀wò láti ilé dé ilé ni ó lé e lọ.

Èkejì, ẹ má ṣe bèèrè "Ṣé ó yé yín?" mọ́. Ìtìjú àti ọ̀wọ̀ Ààfáà kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé kò yé òun. Ẹ wí pé, "Ìyá, bí ẹ bá délé, báwo ni ẹ ó ṣe ṣàlàyé rẹ̀ fún Bàbá?" Kí ẹ wá dákẹ́. Bí ó bá jẹ́ nǹkan tí a ń fi ọwọ́ ṣe, kí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn ṣe é lójú yín. Báyìí, bí a bá fẹ́ kọ́ni ní omi ṣúgà òun iyọ̀, a máa ń gbé ike omi, ṣúgà, iyọ̀ àti ṣíbí tíì kalẹ̀. Omi mímọ́ lítà kan, èyí ni píọ̀ wọ́tà onílàílọ́ọ̀nù méjì bí a bá kọ 50cl sí ara rẹ̀. Ṣúgà ṣíbí tíì mẹ́fà tí a fi ọwọ́ gé orí rẹ̀. Iyọ̀ ìdajì ṣíbí tíì kan péré. Kí a tọ́ ọ wò: kò gbọdọ̀ ní iyọ̀ ju omijé lọ. Bí O.R.S. alápò bá wà ní ilé ìwòsàn, òun ni ó dára jù, pẹ̀lú oògùn zinc tí a ń lò fún ọjọ́ 10 sí 14. Kí ìyá má ṣe dá ọmú dúró. Ọmọ tí kò lè mu omi mọ́, tí ojú rẹ̀ jìn wọnú, tí ó rọ jọ̀wọ̀lọ̀, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ wà nínú ìgbẹ́ rẹ̀, ẹ má ṣe pọn omi kankan fún un nílé kí ẹ máa wò ó. Ọsibítù ni kí ẹ gbé e lọ lójú ẹsẹ̀, kí ẹ máa fún un ní omi náà lọ́nà bí ó bá lè mu ún.

Ìbẹ̀wò aláìsàn ní ilé yàtọ̀ sí wáàsí. Ẹ̀yin arábìnrin, iṣẹ́ yín pọ̀ níbí. Rufaida ará Aslam ni ó pàgọ́ ìtọ́jú sí mọ́sálásí Mẹ̀dínà, ibẹ̀ ni wọ́n gbé Sa'd ibn Mu'adh sí nígbà tí ọfà bà á ní Ogun Kòtò, ní ọdún 5 Hijira. Ọ̀pọ̀ ìyá kò sì ní sọ àìsàn abẹ́ fún ọmọkùnrin, bó ti wù kí ó mọ kéwú tó.

Ẹ má pẹ́ jù. Ẹ má dà wọ́ bí ẹni wá jẹ sàárà. Ohun tí ẹ bá rí ní yàrá aláìsàn, ẹ má gbé e dé àsàlátù, àní lábẹ́ àdúrà, nítorí àdúrà tí a fi orúkọ àti àìsàn ṣe ní gbangba ti tú àṣírí ọ̀pọ̀ ènìyàn. Bí Alhaja kan bá ní òun ti fi oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru sílẹ̀ nítorí ara òun ti yá, ẹ má jágbe mọ́ ọn. Ẹ bi í léèrè ohun tí ó fà á. Nígbà mìíràn owó ni, nígbà mìíràn oògùn náà ń jẹ́ kí ó máa tọ̀ lóru. Ẹ ṣàlàyé pé ẹ̀jẹ̀ ríru kì í sábà fi orí fífọ́ kìlọ̀, kí ẹ sì bá a lọ bá nọ́ọ̀sì, kí wọ́n bá a wá èyí tí ó bá a lára mu. Ẹ má ṣe yí oògùn ẹnikẹ́ni padà. Bákan náà ni onítọ̀ ṣúgà tí ó fẹ́ gba ààwẹ̀: ṣáájú Rámádánì ni kí ó ti rí dókítà, kì í ṣe ní ọjọ́ kẹwàá ààwẹ̀.

Ìyá tí a sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ni ó ń kọ́ àwọn ìyá yòókù ní omi náà ní àsàlátù wa báyìí. Ó ti ra ṣíbí tíì tirẹ̀, ó so okùn mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n kí ó tó fi í hàn wọ́n, ṣíbí ọbẹ̀ ni ó máa ń kọ́kọ́ gbé sókè.