Ẹ̀kọ́ Oṣù Yìí: Ìyẹ̀fun Tí Kò Ní Àlìkámà Nínú

Ẹ̀kọ́ oṣù yìí kan ẹ̀yin tí ẹ ń ta èlùbọ́ àti ìyẹ̀fun, àti ẹ̀yin tí ẹ ní ẹ̀rọ ìlọta. Àwọn oníbàárà kan wà tí wọn kò gbọdọ̀ fẹnu kan àlìkámà rárá. Ohun tí wọ́n ń wá wà lọ́wọ́ wa ní Adó, ní Ìkẹ́rẹ́ àti ní Ìyìn, ṣùgbọ́n bí a bá ṣe é ní ìṣekúṣe, a ó pa wọ́n lára.

KÍ NI GLUTEN?

Òun ló wà nínú àlìkámà tí ń mú kí ìyẹ̀fun pípò fà bí rọ́bà, tí búrẹ́dì fi ń wú. Ó wà nínú ọkà barley àti rye náà. Kì í ṣe ọ̀pọ̀ ènìyàn ní nǹkan kan. Ṣùgbọ́n bí ẹni tó ní àrùn coeliac bá jẹ ẹ́, ara rẹ̀ á máa bá ìfun ara rẹ̀ jà. Oúnjẹ kò ní ṣe é lóore mọ́: inú á máa ṣu, ikùn á wú, yóò rù, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á sì dínkù.

Dókítà Willem Dicke, ará Họ́láǹdì, ló fìdí ọ̀rọ̀ yìí múlẹ̀. Nígbà ìyàn ọdún 1944 sí 1945, búrẹ́dì wọ́n gógó níbẹ̀, ara àwọn ọmọ tó ní àrùn náà sì ń yá sí i. Ìgbà tí búrẹ́dì padà dé ni àìsàn wọn tún gbérí. Ó kọ ọ́ sínú ìwé ní 1950.

Ẹni tí inú ń dà láàmú, kó kọ́kọ́ lọ sí ọsibítù. Kó má tíì yọ búrẹ́dì kúrò fúnra rẹ̀, torí àyẹ̀wò náà lè máà rí àrùn mọ́.

OHUN TÍ A NÍ

Iṣu, ẹ̀gẹ́, ọ̀gẹ̀dẹ̀, àgbàdo, ọkà bàbà, ìrẹsì, ẹ̀wà àti sóyà, kò sí gluten nínú ọ̀kankan. Iyán wa, àkàrà àti mọ́ínmọ́ín kò ní in. Bẹ́ẹ̀ ni lílo ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́ fún búrẹ́dì kì í ṣe tuntun: nígbà tí ìjọba fòfin de kíkó àlìkámà wọlé ní 1987, títí wọ́n fi gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí òfin náà ní 1992, ọ̀pọ̀ oníbúrẹ́dì ló dán an wò.

BÍ A ṢE Ń ṢE É

1. Ọjọ́ tí ẹ bá wu ẹ̀gẹ́ ni kí ẹ bó o, kí ẹ fọ̀ ọ́, kí ẹ rin ín, kí ẹ fún omi rẹ̀ dànù, kí ẹ sá a kíákíá, kí ẹ lọ̀ ọ́, kí ẹ sì jọ̀ ọ́. Ẹ má rẹ ẹ́ bíi láfún, torí búrẹ́dì á kan.

2. Ẹ̀gẹ́ nìkan kò lágbára nínú. Ẹ fi kọ́ọ̀bù sóyà 1 kún kọ́ọ̀bù ẹ̀gẹ́ 4, kí ẹ kọ́kọ́ dán díẹ̀ wò. Ẹyin ni yóò dì í mú. Kò ní ṣeé pò bí ti àlìkámà; yóò ṣàn bíi kéèkì, inú agolo ni kí ẹ dà á sí.

3. Ẹ̀rọ ni gbogbo ọ̀rọ̀. Òfin àgbáyé ní kí gluten má ju 20 milígíráàmù lọ nínú kílò kan. Ẹ̀kúnwọ́ ìyẹ̀fun àlìkámà kan ti tó láti ba àpò kílò 50 jẹ́. Nítorí náà ẹ ya ẹ̀rọ, ajọ̀ àti àpò sọ́tọ̀. Bí kò bá sí ẹ̀rọ ọ̀tọ̀, ẹ má pè é ní aláìní-gluten.

4. Ẹ má tà á fún onítọ̀ọ̀gbẹ gẹ́gẹ́ bí oògùn. Ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́ máa ń gbé ṣúgà ara sókè bíi ti àlìkámà.

5. Bí ẹ bá fẹ́ dì í sí pákéètì fún títà, ẹ lọ sọ́dọ̀ NAFDAC kọ́kọ́.

Ọ̀rẹ́ wa, bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Àpò kan tí kò mọ́ lè ba orúkọ gbogbo wa jẹ́ lọ́jà.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌPÀDÉ

Ta ló ní ẹ̀rọ tí a lè yà sọ́tọ̀ láàrin wa? Èló ni a ó fi sílẹ̀ nínú owó àjọni láti rà á bí kò bá sí?