Ìwé Àkókò Bọ́ọ̀lù Lára Ògiri Ilé

Ní oṣù kẹfà ọdún 1994, nígbà tí orílẹ̀-èdè wa kọ́kọ́ lọ sí ìdíje Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé, mo ya ìlà sí ẹ̀yìn àjákù bébà kan tí mo gbà lọ́wọ́ àwọn atẹ̀wé ní Ṣómólú, mo sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri pálọ̀ wa ní Fọlá Àgòrò. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé: Nàìjíríà àti Bùlgáríà, ọjọ́ 21, aago mẹ́fà ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́. Aago náà lù, a kò rí ẹgbẹ́ wa. Nígbà tí ilẹ̀ ṣú gan-an, mo ní kí àwọn ọmọ lọ sùn. Ariwo àdúgbò ni ó jí wa lóru. Kí a tó tan ẹ̀rọ, Rashidi Yekini ti gbá bọ́ọ̀lù wọlé, ó ti di àwọ̀n mú, ó ti sunkún tán. Ọmọ mi ọkùnrin kò dá mi lóhùn dáadáa títí di ọjọ́ kejì.

Aago Dallas ni mo kọ. Láàárín oṣù yẹn, wákàtí mẹ́fà ni Èkó fi ṣíwájú Dallas. Ó fi márùn-ún ṣíwájú New York, ó sì fi mẹ́jọ ṣíwájú Los Angeles. Ọjọ́ 22 ti wọlé níhìn-ín kí eré tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀yin òbí, ibi tí ẹ̀kọ́ ti bẹ̀rẹ̀ nìyí. Àwa kì í yí aago wa padà, ṣùgbọ́n àwọn Gẹ̀ẹ́sì a máa sún tiwọn síwájú ní ọjọ́ Ìsinmi tí ó kẹ́yìn oṣù kẹta, wọn a sì dá a padà ní èyí tí ó kẹ́yìn oṣù kẹwàá. Nítorí náà, eré aago mẹ́ta wọn ní oṣù kẹsàn-án, aago mẹ́ta ni lọ́dọ̀ wa; ní oṣù kejìlá, aago mẹ́rin ni. Àwọn tí ń fi ṣọ́ọ̀kì kọ eré sí pátákó níwájú ilé ìwòran mọ èyí ju ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé lọ.

Ẹ ya òpó fún ọjọ́, aago ìlú eré, aago Èkó, ìkànnì àti èsì. Ẹ wá ya òpó gbígbòòrò kan fún ohun tí ilé ní í ṣe ní wákàtí náà: àdúrà ìrọ̀lẹ́, ìṣọ́ òru, ìwé kíkà fún ìdánwò WAEC. Òpó yìí ni kí ẹ kọ́kọ́ kún. Kí bàbá pẹ̀lú tẹ̀ lé e, nítorí ọmọ kò lè gbọ́ràn sí ẹni tí ń wí pé “lọ kàwé” tí kò gbé ojú kúrò lára Arsenal. Pẹ́ńsùlù sì ni kí ẹ lò, nítorí àwọn ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n a máa sún eré Àbámẹ́ta sí ọjọ́ mìíràn. (Mo ti rí àwọn alàgbà tí ń yọ́ jáde nígbà ìwàásù. Ìwàásù mi a máa gùn nígbà mìíràn, mo gbà.)

Ìwé tí mo tún ṣe fi hàn pé eré wa pẹ̀lú Ítálì, ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 5 oṣù keje, yóò bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ níhìn-ín, wákàtí ẹ̀kọ́ Bíbélì gan-an. A kéde pé ẹ̀kọ́ yóò bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́rin. Ènìyàn kún ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Nàìjíríà ń borí pẹ̀lú góòlù kan títí di ìṣẹ́jú 88, kí Roberto Baggio tó mú un dọ́gba, tí ó sì tún gba pẹnáríti wọlé ní àfikún àkókò. Ọmọ mi dìde, ó fi pẹ́ńsùlù kọ 2–1 sí òpó èsì, ó sì pa tẹlifíṣọ̀n.